Káàdì Tóroddur

Ẹ̀gbẹ́ ni òjò ń gbà rọ̀ ní Klaksvík,
kì í wá láti òkè bí òjò ọmọlúàbí.
Nínú iyàrá abẹ́ ilé ìkàwé
dísìkì mẹ́fà ń kùn bí oyin tí kò sùn.
Ohùn àwọn àgbà apẹja ló wà níbẹ̀:
Ìyá Billa ń ka orúkọ àpáta etíkun
lọ́kọ̀ọ̀kan, títí dé èyí tó gbé ọkọ̀ mì,
tó gbé ọkọ mì.

Ọdún mọ́kànlá ni Tóroddur fi káàdì kan ṣọ́ wọn.
Káàdì náà ní ọpọlọ tirẹ̀, ó ní bátìrì tirẹ̀;
bí iná bá lọ, á di ọ̀rọ̀ àbọ̀ mú sẹ́nu
títí iná yóò fi dé.
"Owó gidi ni mo fi rà á,"
á sì nu eruku rẹ̀ bí ẹni nu imú ọmọ.

Ní oṣù Kejì, káàdì kú.
Kò ké. Kò rùn.
Dísìkì mẹ́fẹ̀ẹ̀fà le koko,
ṣùgbọ́n ẹni tó mọ bó ṣe gé ọ̀rọ̀ sí wẹ́wẹ́ ló kú yẹn,
kò sì kọ́ ẹlòmíràn.
Ilé iṣẹ́ tó ṣe é ti kógbá wọlé.
Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta la fi wá irú rẹ̀,
kí bàbá kan ní Gdańsk tó rí ọ̀kan nínú páálí bàtà.

Marjun jẹ búrẹ́dì rẹ̀ tán, ó ní:
"Ẹ jẹ́ kí kọ̀ǹpútà fúnra rẹ̀ ṣe é.
Bí àpótí bá jóná, ẹ tú dísìkì, ẹ kì wọ́n bọ òmíràn,
wọn á dá ara wọn mọ̀."
"Á jẹ nínú agbára kọ̀ǹpútà."
"Á jẹ ẹ́."
"Bí iná bá lọ láàárín ìkọ̀wé ńkọ́?"
"Ẹ ra bátìrì ńlá sábẹ́ tábìlì."

Òjò ń gbá fèrèsé létí.
Èmi tí mo di okùn iná mú, mo rò ó pé
a ò tíì bá ara wa sòótọ́:
bí ẹnìkan bá ṣèèṣì pa ohùn Billa rẹ́,
mẹ́fẹ̀ẹ̀fà yóò fi ìgbọràn pa á rẹ́,
ìbáà jẹ́ káàdì ni ọ̀gá wọn, ìbáà jẹ́ ètò.

A gba ti Marjun.
Ẹ̀dà kan bá mi lọ sí Tórshavn lábẹ́ aṣọ òtútù.
Káàdì ṣì wà lójú fèrèsé Tóroddur,
lẹ́gbẹ̀ẹ́ eyín àbùùbùtán.
Láàárọ̀ àná, mo bá a tó ń nu eruku rẹ̀.