Ìwé Kẹfà, Bírò Pupa

Ní Òkèlísà, ní Òǹdó, ọjọ́ kẹta tí a sin ín,
wọ́n gbé àpótí bàbá mi jáde fún mi:
ìwé àkọsílẹ̀ mẹ́rìnlá tí ikán ti tọ́ ẹ̀yìn wọn wò,
fíìmù egungun tí ọ̀rinrin ti lẹ̀ mọ́ra wọn,
àti ìbọ̀wọ́ kan ṣoṣo, ti ọwọ́ òsì,
tí òjé inú rẹ̀ wúwo bí ọmọ tuntun.
Ọ̀tún dà?
Ìyá mi ní, "Bi í."

Akíndípẹ̀ kì í ṣe dókítà.
Òun ló ń ya fọ́tò egungun ní ọsibítù,
òun ló ń sọ fún aláìsàn pé, "Má mí,"
a sì máa gbàgbé nígbà mìíràn
láti sọ pé, "Ó tó, máa mí lọ."

Lálẹ́ ọjọ́ òjò kan, tí iná ò tíì lọ,
ó tẹ́ ère igi sórí bẹ́ẹ̀dì aláìsàn:
obìnrin kan tó kúnlẹ̀, tó gbé àwo dání,
tí àwọn ará ilé kan ní Òdòsídà fẹ́ tà.
Ó tan ìtànṣán sí i.
Ó kọ ọ́ sínú ìwé kẹfà, bírò pupa:
*Ìṣó kan wà lọ́rùn rẹ̀. Alágbẹ̀dẹ ló rọ ọ́, kì í ṣe ìṣó ṣọ́ọ̀bù.
Orí yìí ti já rí. Ẹnìkan fẹ́ràn rẹ̀ tó láti tún un ṣe.
Mi ò ní sọ. Òrùlé wọn ń jò, owó ni wọ́n ń wá.*

Iṣẹ́ tèmi ní Àkúrẹ́, iye ni mò ń kà:
ta ló tọ́ka sí ta, lójú ewé wo, ẹ̀ẹ̀melòó.
Mo mọ ọ̀jọ̀gbọ́n tó tọ́ka sí ara rẹ̀ nígbà mọ́kàndínlógójì,
bí àkùkọ tó kọ, tó tún dá ara rẹ̀ lóhùn.
Ère yẹn ti dé òkè òkun. Wọ́n yà á lẹ́yìn ogún ọdún,
wọ́n kọ ọ́ pé, "Àwa la kọ́kọ́ rí ìṣó náà."
Igba ènìyàn ó lé mẹ́fà ló ti tọ́ka sí wọn.
Mo tẹ orúkọ bàbá mi.
Òdo.
Mo yọ àmì orí rẹ̀, mo fi orúkọ ìdílé ṣáájú.
Òdo náà ni.

Nínú ìwé kẹsàn-án, àgbàdo ló ń gbìn.
Ó kó wóró rẹ̀ sábẹ́ ẹ̀rọ, alẹ́ mẹ́rìnlélógún,
ó gbìn ín sẹ́yìn wọ́ọ̀dù àwọn ọmọdé,
ó gbin àwọn tí kò rí ìtànṣán sí ẹ̀gbẹ́ wọn,
ó ń fi okùn wọn gíga wọn láràárọ̀.
*Gbogbo rẹ̀ hù. N kò rí ìyàtọ̀ kankan.*
Ó fa ìlà sábẹ́ ẹ̀.
Lábẹ́ ìlà náà, ó kọ ọ́ wẹ́wẹ́:
*Èékánná ọwọ́ ọ̀tún mi ni kò hù mọ́.*

Mo rántí ọwọ́ yẹn. Ó dúdú, ó le bí èèpo kòkó gbígbẹ.
A rò pé ọjọ́ ogbó ni.
Ìwé kọkànlá ni mo ti rí èyí, láàárín ìṣirò owó iṣu:
*Ọmọ Adétọ́hún kò dúró jẹ́ẹ́. Mo fi ọwọ́ dì í mú.
Mo fi ìbọ̀wọ́ ọ̀tún bo ikùn rẹ̀. Kò tíì pé ọdún méjì.*
Kò sọ bóyá ó gbà á padà.

Mo kọ ojú ewé mẹ́rin péré nípa ère náà.
Nísàlẹ̀, níbi tí a ti ń dárúkọ àwọn tó ṣáájú, mo kọ ọ́:
Akíndípẹ̀, ìwé kẹfà, bírò pupa.
Olóòtú fèsì lọ́jọ́ kejì:
"Ìwé wo nìyẹn? Ta ló tẹ̀ ẹ́? Níbo ni òǹkàwé ti lè rí i?"
Mo dá a lóhùn:
Òkèlísà, ní Òǹdó. Àpótí ni, abẹ́ bẹ́ẹ̀dì.
Ẹ kan ilẹ̀kùn gidigidi,
ìyá mi kì í gbọ́ràn dáadáa mọ́.