Ó Pọ̀n Ọ́n

Ní Kemi, níbi tí oòrùn ti ń wọ̀
kí oúnjẹ ọ̀sán tó tutù,
Tauno wà ní yàrá abẹ́ ilé,
ó wọ ìbọ̀sẹ̀ méjì léra, ó ń yọ́ òjé.

Kọ̀ǹpútà náà ju ọmọ rẹ̀ lọ lọ́jọ́ orí.
Kòkòrò dúdú kan ń gbé nínú rẹ̀,
ẹlẹ́sẹ̀ méjìdínlọ́gbọ̀n tí kò rìn rí;
ohùn mẹ́ta péré ló ní,
ọ̀kan sì ti há.

Ó ra òmíràn lọ́wọ́ bàbá kan ní Tornio,
ó pọ̀n ọ́n sẹ́yìn ti àkọ́kọ́,
ẹsẹ̀ kan ṣoṣo ló ká sókè.
Èéfín wọ̀ ọ́ lójú.
Ó tan iná, ó tẹ nọ́ńbà:
sọ̀rọ̀.

Hùùùù.

Ilta yọrí lórí àtẹ̀gùn:
“Bàbá, ṣé fìríìjì ló ń kú lọ?”

Ó yí ìlà kan padà. Ó tún un yí.
Lẹ́yìn aago kan òru
ohùn náà gòkè, ó yẹ̀, ó bọ́ sípò,
bí ìyá rẹ̀ ṣe máa ń wá orin kiri
nídìí abọ́ tó ń fọ̀.

Kò gbà á sí tẹ́ẹ̀pù.
Ó jókòó títí irin òjé fi tutù.