Iwin Indonéṣíà ní Wọ́ọ̀dù Aláboyún

Àwa mẹ́ta la máa ń wò ó láago méjì òru:
èmi, nọ́ọ̀sì àgbà l'Ókè-Àró,
Akíntòmídé tó ń fọ òkú ní ilé ẹ̀yìn,
àti Fisáyọ̀mi, akẹ́kọ̀ọ́, tó ń fi aṣọ òtútù bojú.
Fóònù kan ṣoṣo, a gbé e ti agolo ẹ̀pà.
A ò gbọ́ èdè wọn,
ìtumọ̀ ìsàlẹ̀ ń sáré ju ojú mi lọ,
ṣùgbọ́n a mọ ilé náà.

A mọ ìyá àgbà tó ń wúkọ́ lẹ́yìn aṣọ ìkélé.
A mọ gbèsè tí kò sẹ́ni tó ń dárúkọ rẹ̀ nídìí oúnjẹ.

Ohun tó dára níbẹ̀, mi ò ní fi bò:
wọn kì í kánjú.
Òjò á rọ̀ sórí páànù bí òjò Àkúrẹ́ lóṣù kẹsàn-án,
bàbá á ka owó tí kò tó, á tún un kà,
ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ kan á mì lẹ́yìnkùlé.
Ìyókù ò ní mì.
Akíntòmídé, tó gbé òkú mẹ́rin lánàá,
ká ẹsẹ̀ méjèèjì sórí àga.

Lẹ́yìn náà wọ́n á bà á jẹ́.
Ariwo! Bí ẹni ju ìkòkò irin sílẹ̀.
Iwin tó yẹ ká rí fìrí,
wọ́n á ní ká wá ka eyín rẹ̀.
Nígbà tó yọjú lẹ́ẹ̀kẹrin, Fisáyọ̀mi béèrè
irú àtíkè tó fi kunjú.
Òkú kan wà tí wọ́n dì láti orí dé ẹsẹ̀ bí ẹ̀kọ tútù,
tó ń tọ pọ́ńpọ́ń bọ̀ lójú títì. Ẹ̀rù bà wá.
Wọ́n di méjìlá, ẹ̀rín pa wá,
ẹni tó ń rọbí ní bẹ́ẹ̀dì kẹta ní ká panu dé.
Ààfáà á dé nígbà tó ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá,
á kéwú, iná á jó, ó parí.
Kò parí. Ọwọ́ kan yọ nínú ilẹ̀:
wọ́n ti ń ta apá kejì fún wa.

Akíntòmídé ní tiwa sàn, akúdàáyà kì í pariwo.
Á kúrò l'Óǹdó, á lọ síbi tí wọn ò mọ̀ ọ́n,
á fẹ́yàwó, á máa ra kòkó, á máa san owó ẹgbẹ́,
ọjọ́ tí ará ilé bá pàdé rẹ̀ ní yóò pòórá,
á wá ku ìyàwó àti gbèsè.
Mo ní ìyẹn kì í ṣe iwin, ọkọ lásán nìyẹn.

Ṣùgbọ́n obìnrin aláṣọ funfun yẹn,
onírun gígùn tó ń rẹ́rìn-ín lórí igi,
tí wọ́n ní ó kú sórí ìkúnlẹ̀,
òun ni mi ò lè wò tán.
Wọ́n fún un ní èékánná. Wọ́n dá ihò sí i lẹ́yìn.
Wọn ò béèrè ibi tí mọ́tò wà lálẹ́ ọjọ́ náà,
tàbí ẹni tó ní kí wọ́n ṣì dúró de ìyá ọkọ.
Ìṣó ni wọ́n kàn mọ́ ọn lórí
kó lè di ìyàwó rere.

Èmi mọ̀ ọ́n. Ìbídùnní lorúkọ rẹ̀,
bẹ́ẹ̀dì karùn-ún, lóṣù Ẹrẹ́nà.
Orí ọ̀kadà ni wọ́n gbé e dé láti ọ̀nà Ìgbátòrò.
Páìntì ẹ̀jẹ̀ kan la ní.
Kò rẹ́rìn-ín. Kò gun igi kankan.
Omi ló béèrè.

Síbẹ̀ mo ń wò ó, mi ò purọ́.
Lọ́la Akíntòmídé á tún gbé òmíràn wá.

Bẹ́ẹ̀dì kẹta ké. Mo wọ ìbọ̀wọ́,
Fisáyọ̀mi gbé tọ́ọ̀ṣì.
Akíntòmídé wo ọwọ́ ara rẹ̀,
ó dìde, a ò tíì sọ nǹkan kan,
ó sì jáde lọ dúró sínú òjò.