Ibi Tí Mo Fẹ̀yìn Tì

Bàbá, ogún hẹ́kítà ni ogún tí o fi sílẹ̀ fún mi,
igi páìnì láti etí títì dé ẹ̀bá irà,
ní Pudasjärvi, níbi tí oòrùn oṣù Kejìlá
ti ń yọjú fún wákàtí mẹ́ta péré
bí àlejò tí kò fẹ́ jókòó.

Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni mo ti ń wa bọ́ọ̀sì ọmọ ilé-ìwé.
Ó ku oṣù mẹ́fà kí n dá kọ́kọ́rọ́ padà.
Orúnkún mi ọ̀tún ti fẹ̀yìn tì ṣáájú mi,
kò dúró gba lẹ́tà, kò dúró gba òdòdó.
Lẹ́tà tèmi dé lọ́jọ́ Ẹtì. Mo ka iye owó oṣooṣù náà lẹ́ẹ̀mejì,
mo sì fi í bo ife kọfí kó má baà tutù.

Ìgbà náà ni Niklas dé láti ilé-iṣẹ́ agégi,
Niklas tí mo máa ń gbé lọ sí kíláàsì kejì,
tí kì í rántí ìbọ̀wọ́ rẹ̀ lórí ìjókòó ẹ̀yìn.
Ó ti hu irùngbọ̀n. Igbó rẹ wà nínú fóònù rẹ̀,
ó kéré tó èékánná.
"Tellervo, bí a bá gé e tán pátápátá,
ẹgbẹ̀rún lọ́nà ọgọ́rùn-ún yúrò. Ó lè jù bẹ́ẹ̀."
Ó sọ ọ́ jẹ́jẹ́, bí ẹni tó ń pe ọjọ́ orí obìnrin níṣojú rẹ̀.

Wọ́n ní bí ọmọdé bá ń gégi nígbó,
àgbà ló mọ ibi tí yóò wó sí.
Èmi ni àgbà náà báyìí, Bàbá.
Mi ò mọ ibi tí yóò wó sí.

Kalervo pè láti Sweden: "Tà á! Ra ilé kékeré ní Spain,
kí egungun rẹ rí oòrùn kó tó di pé ilẹ̀ rí i."
Ọmọ mi Aliisa ní kí n má fọwọ́ kan ẹyọ kan,
pé igi wọ̀nyẹn ló ń bá gbogbo ayé mí.
Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n owó ilé tó ń san ní Helsinki
ń mí sí i lọ́rùn lóṣooṣù, mo sì ń gbọ́ ọ
nígbàkígbà tó bá sọ pé kò sí wàhálà.

Ọmọ ọdún mẹ́rin ni mí nígbà tí a gbìn wọ́n.
Korobá ọmọ igi wúwo jù mí lọ.
O tẹ ilẹ̀ mọ́ gbòǹgbò ọ̀kan, o ní:
"Ìgbà ogbó rẹ nìyí."
Mo bú sẹ́kún. Mo rò pé o ní mo ti gbó.
O ò ṣàlàyé. O ò ṣàlàyé ohunkóhun rí,
òógùn ni o fi ń sọ̀rọ̀,
òun náà ni wọ́n fẹ́ díwọ̀n fún mi báyìí,
ní mítà, pẹ̀lú rìsíìtì.

Lọ́jọ́ Àìkú mo mú rìbọ́nì pupa wọgbó.
Mo so ó mọ́ èyí tí atẹ́gùn ti tẹ̀,
mo so ó mọ́ èyí tó tọ́ gbọnrangandan, nítorí owó Aliisa,
mo tọrọ gáfárà lọ́wọ́ ọ̀kan, mo sì tún so ó.
Rìbọ́nì tán kí n tó dé ibi irà.
Èmi náà ò padà lọ mú òmíràn.

Mo pe Niklas: "Èyí tó ní rìbọ́nì nìkan.
Ní ti ìyókù, wá bi mí nígbà tí mo bá pé àádọ́rin ọdún."
"Hẹ́kítà mélòó ni?"
"Mi ò kà á."

Mo wá fẹ̀yìn ti páìnì kan tí kò ní nǹkan lọ́rùn.
Yìnyín já bọ́ láti orí ẹ̀ka, ó bá ọrùn ẹ̀wù mi wọlé,
mo sì pariwo orúkọ rẹ, Oiva, láìní "Bàbá" níwájú,
bí ìyá mi ṣe máa ń pè ọ́ bí ó bá bínú.

Kò sẹ́ni tó dáhùn. Ilẹ̀ ti ń ṣú.
Lọ́la, kí agogo márùn-ún tó lù,
mo ṣì ní bọ́ọ̀sì kan láti mú gbóná.