Ìrákòrò Ẹlẹ́ẹ̀kejì

Èmi, ọmọ ọdún mẹ́tàlélógójì,
ni mò ń rákòrò ní pálọ̀ bàbá mi ní Mọ̀pà,
etí nílẹ̀, ìdí lókè,
bí ẹni tí kọ́bọ̀ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ sábẹ́ ibùsùn.

Ìyá mi dúró lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú abọ́ ẹ̀wà.
Ó wò mí títí.
"Òkun o. Ìgbà tí o ṣe báyìí gbẹ̀yìn,
eyín méjì péré ló wà lẹ́nu ẹ."

Mo ní, "Màámi, béèsì ni mò ń wá."
Ó ní, "Ṣé ó sọnù ni?"

Ìbítóyè ẹ̀gbọ́n mi ló fi wúfà ránṣẹ́ láti Àbújá,
àpótí dúdú, ìlàjì àpò sìmẹ́ǹtì,
pẹ̀lú sípíkà kéékèèké márùn-ún tó ń tẹ̀lé e lẹ́yìn.
Ó ní kí ìyá wa máa fi wo fíìmù,
kí ilé má baà dákẹ́ jù.
Mo kọ́kọ́ gbé e sí kọ̀rọ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ kọ́bọ́ọ̀dù.
Hà! Gíláàsì fèrèsé gbọ̀n,
àwọn abọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í bá ara wọn jà,
àwòrán ìgbéyàwó wọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan lórí ìṣó,
ọ̀rọ̀ ẹnu òṣèré, a ò gbọ́ ẹyọ kan.
Kọ̀rọ̀ ilé a máa bá ohùn ìsàlẹ̀ ṣe àsọdùn.

Mo yí bọ́tìnnì dé ọgọ́rin:
ohun tó bá rẹlẹ̀ ju ìyẹn lọ, kí wúfà gbé e,
èyí tó bá ga, kí àwọn kékeré pín in rù.
Ibi tí wọ́n ti ń gba ẹrù lọ́wọ́ ara wọn
ni wàhálà wà,
bí ọmọ odó méjì nínú odó kan.
Bí ọ̀kan ń lọ tí ọ̀kan ń bọ̀, iyán á kúnná.
Bí wọ́n bá kọlu ara wọn lófuurufú,
apá lásán ló máa dun èèyàn.
Bọ́tìnnì kékeré kan wà lẹ́yìn rẹ̀ fún ìyẹn.
Mo tẹ̀ ẹ́. Odó gbọ́ ara.

Ó wá ku ibùjókòó.
Báyìí ni wọ́n ṣe ń wá a:
gbé wúfà sórí àga tí wàá jókòó sí,
kí ìwọ máa rá kiri ilẹ̀.
Ibi tí ohùn bá ti tẹ́jú létí rẹ,
ibẹ̀ ni kó lọ máa gbé.

Àga bàbá mi ni mo gbé e lé,
láàrin pálọ̀ gan-an gan-an.
Ọdún méjì rèé tẹ́nikẹ́ni ò ti jókòó síbẹ̀,
tẹ́nikẹ́ni ò sún un.
Mo rá dé abẹ́ fèrèsé. Òfìfo.
Mo rá dé ẹ̀bá ìlẹ̀kùn. Òfìfo.
Ó wá yé mi:
ohun tí ògiri yìí ń dá padà
àti ohun tí ògiri ọ̀hún ń dá padà,
àárín ilé ni wọ́n ti ń jẹ ara wọn tán.

Ogójì ọdún ni bàbá mi fi jókòó síbẹ̀
tó ń ní rédíò wa kò ní ìsàlẹ̀,
tó ń ṣépè fún ará Kàbà tó tà á fún un.
Àwa ń fi ọwọ́ bo ẹnu rẹ́rìn-ín,
a ní etí bàbá ti ń kú.

Etí kọ́. Àga ni.

Mo sọ ìyẹn fún ìyá mi, mi ò sì lè sọ ìyókù.
Ó gbé abọ́ ẹ̀wà kalẹ̀.
Ó mú fìlà kúrò lápá àga,
ó fi ìbàdí tì í, lẹ́ẹ̀mejì, sápá ògiri ẹ̀yìn.
Ojú ẹsẹ̀ àga mẹ́rin kù lórí kápẹ́ẹ̀tì, wọ́n ń dán.
"Ṣé ó tó, àbí kí n tún tì í?"

Ó tó.
Nínú fíìmù, òjò ṣú, àrá sán,
kì í ṣe ariwo, ó kàn gba abẹ́ ẹsẹ̀ wa kọjá.
Ìyá mi fò dìde,
ó sáré jáde lọ kó ẹ̀lùbọ́ rẹ̀ tó sá sórí àpáta,
nínú oòrùn ọ̀sán gangan.

Mi ò pè é padà.