Ẹja Inú Ike

Yìnyín ti bo afárá ní Lübeck,
aago mẹ́wàá alẹ́ ti lù.
Wiebke Harms jókòó sídìí gíláàsì,
tíì rẹ̀ ti tutù, ó ti gbàgbé rẹ̀.

Ike omi kan ló wà nínú ihò òòfà.
Kóró inú omi ń pòyì bí òkòtó, wọ́n dúró ṣánṣán.
Bí rédíò bá ké, gbogbo wọn a fì sẹ́gbẹ̀ẹ́,
gbogbo wọn a dáhùn lẹ́ẹ̀kan náà,
o ò ní mọ ẹni tó jẹ́ ọ.

Ohun tí Wiebke ń wá ò ju ẹja lọ:
ẹja kékeré, tìrù-tìrù, tòun ti lẹ́bẹ́,
kí omi tó bọ́ sínú àwòrán ẹja nìkan jí,
kí ìyókù má mọ̀ pé ẹnì kan kọjá.
Ó fún ibi kọ̀ọ̀kan ní ohùn tirẹ̀,
ó wá ń yí ìpè náà ká bí ìkarahun ìgbín,
láti etí wá sí àárín,
rédíò ń ga, ó ń rẹlẹ̀;
kí o tó ṣẹ́jú, ó tán.

Àná, ìrù ẹja ń jò bí àpò ìrẹsì tó ya.
Lónìí, orí méjì ló ní.
Ó fi èdè ìyá rẹ̀ àgbà bú ẹ̀rọ náà,
ó sì tọrọ àforíjì lọ́wọ́ rẹ̀.

Oṣù kẹta ni Onno Feddersen dé,
atún-dùùrù-ṣe, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ń kú láti ọ̀pá ẹ̀yìn.
Ikùn ń wú, ikùn ń fọ̀, ọkàn ń lù:
gbogbo àwòrán rẹ̀ àtẹ̀yìnwá dàrú bí èéfín.
“Okùn inú egungun yín nìkan ni mo fẹ́ pè.”
Bàbá rẹ́rìn-ín. “Ẹgbẹ̀rún mẹ́ta fèrè!
Kí n tó gbọ́ èyí tó ṣi ohùn,
mo ní láti pa ìyókù lẹ́nu mọ́.”
“Èmi ò pa wọ́n lẹ́nu mọ́, bàbá.
Mi ò jí wọn ni.”

Èmi ni mo ti bẹ́ẹ̀dì wọlé,
mo dí i létí, etí kan tó ṣẹ́ kù fún un.
Ẹ̀rọ pariwo. Lẹ́yìn náà,
òkùnkùn, òkùnkùn, ìlà funfun kan láàárín rẹ̀,
àti ohun kan bí ẹyọ ẹ̀wà, tó ti ìlà náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

“Ṣé ohùn rẹ̀ ṣe déédé?” ni bàbá ń bèèrè látinú ihò.
Wiebke ò tètè dá a lóhùn.

Mo pa iná. Ike ṣì wà lórí tábìlì.
Mo gbé e, mo mì í:
omi lásán.