Ta Ló Rí Òkú Rẹ̀?

Ní ṣọ́ọ̀bù ìgẹrun mi l'Átíkòrí, Ìjẹ̀bú-Igbó,
jẹnẹrétọ̀ ń wúkọ́ lẹ́yìn ògiri,
àwa mẹ́tàdínlógún dákẹ́ lórí bẹ́ǹṣì méjì
bí ẹni tí ẹrù rẹ̀ bọ́ sódò.

Sájẹ́ǹtì Máyégún ti ilẹ̀kùn odi láti ìta,
ó ju kọ́kọ́rọ́ sí àwọn ọmọ nínú,
àwọn òkú sì bò ó bí ìjàlọ ṣe ń bo eegun.
Àwòrán ṣú. Orúkọ àwọn òṣèré bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè.

Lẹ́yìn náà ni ariwo sọ.

Rìdíwánù tó ń la gẹdú ní sọ́míìlì ló kọ́kọ́ fò dìde:
"Kò kú! Ta ló rí òkú rẹ̀?
Bàtà kan lẹ rí, àti ẹ̀jẹ̀ lára géètì.
Bàtà kì í ṣe ènìyàn."
Ṣówándé ní irọ́ ni,
wọ́n ti gé e jẹ lọ́rùn lọ́sẹ̀ tó kọjá, ó ń fi kọ́là bò ó,
"ìwọ ni o ò wò ó dáadáa, fóònù lò ń tẹ̀."
Ọmọ ilé-ìwé kan láti Òkè-Sópin ní
owó ni òṣèré náà bèèrè tí wọn ò fẹ́ san
ni wọ́n ṣe gbé e fún òkú jẹ.
Díẹ̀ ló kù kí wọ́n lù ú.

Bàbá Ọ̀nàfúwà, tó fi ọdún mọ́kànlélógún
wẹ òkú ní ọsibítù ìjọba,
rẹ́rìn-ín títí eyín àtọwọ́dá rẹ̀ fi mì:
"Òkú wo ló ń sáré?
Èmi tí mo gé èékánná wọn, tí mo di àgbọ̀n wọn,
kò sẹ́ni tó bá mi jà rí.
Ẹnì kan ló mí kanlẹ̀ lóru ọjọ́ kan. Afẹ́fẹ́ inú ni.
Mo ṣáà dọ̀bálẹ̀ fún un."
"Bàbá, eré ni."
"Bó bá jẹ́ eré, kí wọ́n ṣe é dáadáa."

Rìdíwánù ò gbà. Ó ní bó bá tiẹ̀ kú,
a ṣì máa gbọ́ pé wọ́n rí i ní Ṣakí,
àkúdàáyà tó ń ta táyà, tó ti fẹ́ ìyàwó tuntun,
tí yóò pòórá lọ́jọ́ tí ará ilé bá fojú kàn án.
"Ẹni tí a ò rí òkú rẹ̀, kò tíì kú!
Ẹ bá mi wí i: ẹni tí a ò rí òkú rẹ̀..."

Ìgbà náà ni mo rántí Ṣìfáwù.

Ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí a ti ń fi fóònù síná,
fóònù méjì lórí itan, tirẹ̀ àti ti Múfútàù
tó wa gẹdú lọ Kàdúná lọ́dún mẹ́rin sẹ́yìn,
tí ọkọ̀ ò padà, tí eegun ò padà.
Oṣooṣù ló ń fi igba náírà sórí láìnì yẹn
kí wọ́n má baà gbé nọ́ńbà rẹ̀ fún ẹlòmíràn.
A ò ṣe ogójì ọjọ́.
Ọjọ́ wo la ó ti bẹ̀rẹ̀ sí í kà á?

Itọ́ gbẹ lẹ́nu wa.
Rìdíwánù ń wá ibi tí yóò fi ojú sí.

"Ó kú," Ṣìfáwù wí. Ohùn rẹ̀ ò lọ sókè.
"Ọkùnrin yẹn kú. Kò ní ta táyà níbì kankan.
Ó ti ilẹ̀kùn, ó ju kọ́kọ́rọ́, ó kú.
Ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọ inú odi sunkún rẹ̀,
kí wọ́n nu imú, kí wọ́n jẹun."
Ó ka owó iná lé tábìlì mi,
fóònù méjèèjì lọ́wọ́, ó bọ́ sínú òkùnkùn.

Sátidé tó tẹ̀lé e, kò sẹ́ni tó pe Máyégún.
Mo rò pé kò ní wá. Ó wá,
ó jókòó síbi tó máa ń jókòó.
Nígbà tí àwọn òkú tún ya dé ẹnu géètì,
ojú jíjẹrà, aṣọ yíya,
gbogbo wa ń wo àwọn alààyè, ta ni yóò yè é.
Ṣìfáwù na ọrùn síwájú díẹ̀:
ojú àwọn òkú ló ń wò,
ọ̀kan, lẹ́yìn náà ọ̀kan.